Àkámọ́ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìṣirò Màmá

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àìrí mi, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, orí kápẹ́ẹ̀tì tútù ni orúnkún mi wà, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Bọ́lá, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, mo kí ọ, o ṣé. Kà á díẹ̀díẹ̀, má sì fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo bá ti dárúkọ rẹ. Mo kí Bùọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, àti ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí Bàbá Aládùúrà àti gbogbo ìjọ wa. Mo kí Ìyá Ráfíù tó múlé tì wá, tó máa ń yọjú wò yín bí Bọ́lá bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ìkìrun. Ọlọ́run á bá wa san án fún wọn.

Ẹ ti mọ̀ pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí máa jáde sí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín lórí fóònù, ẹ ní kí n máa kọ ọ́, pé ojú kì í ti àgbàlagbà bíi tiyín mọ́. Màmá, mo mọ̀ yín, ojú tì yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ bíi tèmi pọ̀ nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí ìyá tàbí bàbá wọn nílé kò ríran dáadáa mọ́, tó jẹ́ fóònù ló ń kàwé fún wọn. Mo fẹ́ kí àwọn náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Inísà. Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín, níwájú gbogbo ẹni tó bá ń kà á, kí ẹ má tíì kó àwọn bẹ́ǹṣì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń jókòó lé wọ̀nyẹn fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi, kí ẹ má baà ní mò ń sá fún un. Ara mi le, a dúpẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn tó ń lọ. Òtútù ibí kò tíì fẹ́ kúrò. Oòrùn á yọ, ẹ ó rí i kedere lókè, ṣùgbọ́n kò ní mú ẹnikẹ́ni lára. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń wọ ẹ̀wù lórí ẹ̀wù débi pé mi ò ní lè gbé apá sókè dáadáa. Òjò wọn náà kì í rọ̀ kó sì dá. Ńṣe ló máa ń ṣe wìnniwìnni láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, kò sì ní kún gọ́tà. Òjò tí kò mọ ohun tó fẹ́.

Ilé tí mò ń gbé, èmi àti àwọn méjì mìíràn la jọ wà níbẹ̀, oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. A máa ń pàdé ní kíṣìnì, a ó kí ara wa, a ó sọ̀rọ̀ òjò, ó tán. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìsọ Yorùbá sétí ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan mo fẹsẹ̀ kọ òkúta lójú títì, mo pariwo “Yéè!” Gbogbo ènìyàn yíjú wò mí, kò sí ẹnì kan tó ní pẹ̀lẹ́. Ẹ wo irú ohun kékeré tí ènìyàn máa ń ṣàárò. Bó bá jẹ́ iwájú ọjà Inísà ni, àwọn tí kò rí mi pàápàá ì bá ti kí mi kú ewu.

Owó oògùn ojú yín, mo ti fi ránṣẹ́ sí Bọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dín oògùn náà kù kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín. Bọ́lá ti tú àṣírí yín. Kí ó má baà parí lẹ ṣe ń fi ẹ̀kán kan pín sójú méjèèjì, Màmá, ta ló kọ́ yín nírú ìyẹn?

Ẹ ti bi mí léèrè rí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe tó ń rẹ̀ mí tó báyìí, nígbà tó jẹ́ pé orí àga ni mò ń wà látàárọ̀. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ẹ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Ilé iṣẹ́ wa ní áàpù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ènìyàn á ya fọ́tò ìṣirò láti inú ìwé, áàpù náà á kà á, á wá kọ ọ́ jáde ní ọ̀rọ̀ lásán, irú èyí tí a lè fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù tàbí tí fóònù lè kà sókè fún ẹni tí ojú ń dùn. Kíkọ jáde yẹn niṣẹ́ tèmi. Bí ìṣirò ṣe máa rí bó bá di ọ̀rọ̀, ohun tó máa ṣáájú, ohun tó máa tẹ̀lé e, àmì tó gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn, èmi ni mò ń rò ó, tí mò ń tò ó.

Ẹni tí kò ṣe é rí á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìkìrun, ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì yín, ẹ máa ń sọ fún wa pé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ìdá: ẹni tó ń gbé òkè ń gbé òkè, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀, ìlà àárín ni àjà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gba inú àjà kọjá láìgbàṣẹ. Pátákó ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán kò ní. Ìlà kan ṣoṣo ló ní, gbogbo ará ilé náà ní láti tò tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà iṣẹ́ mi wà.

Ẹ rántí pé a kọ́kọ́ gbìyànjú láti tò ó bíi pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà gan-an, nọ́ńbà kan lókè, dáàṣì mélòó kan lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mìíràn nísàlẹ̀. Ó rẹwà lórí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí Bọ́lá lórí wásáàpù, gbogbo rẹ̀ dàrú, torí pé lẹ́tà orí fóònù kì í fẹ̀ dọ́gba. Tòkè yà sọ́tùn-ún, tìsàlẹ̀ yà sósì. Bọ́lá ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n gé láìwọn ẹni tó ni ín. Bí fóònù sì ṣe ń kà á fún yín, dáàṣì, dáàṣì, dáàṣì ló ń pè ṣáá, títí ẹ fi ní kí wọ́n bá yín pa á kí orí má baà fọ́ yín.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí ìlà kan. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀? Bí nọ́ńbà méjì bá ń sọ ara wọn di púpọ̀, àmì kan tó dà bí ìràwọ̀ la fi sáàrin wọn, fóònù sì pè é ní ìràwọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pè mí, ẹ ní ìràwọ̀ wo ló wà láàrin méjì àti x, pé ṣé ìṣirò Kérésìmesì ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi níbi iṣẹ́, gbogbo wọn ń wò mí. Mo yí i padà fún yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ àkámọ́ ló wá le jù. Ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní bíráákẹ́ẹ̀tì ni mò ń wí. Níwọ̀n bí kò ti sí òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́, mo ní ohunkóhun tó bá jọ ń gbé ojú kan, kí a fi àkámọ́ yí i ká, kí fóònù máa sọ ibi tó ti ṣí àti ibi tó ti tì. Ó máa ń gùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fetí gbọ́ kò ní ṣìnà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ ní kí Bọ́lá ya fọ́tò ìbéèrè tó le jù nínú ìwé yín àtijọ́, fóònù kà á, ẹ yanjú rẹ̀ lórí lójú ẹsẹ̀, ẹ pè mí, ẹ ń sọ ìdáhùn náà fún mi bí ọmọdé tó gba ipò kìíní. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, Màmá. Ó pẹ́ tí mo ti jẹun tó dùn lẹ́nu mi bíi tọjọ́ yẹn.

Kí àwọn tí kò mọ̀ wá lè mọ ìdí tó fi dùn mí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Látìgbà tí Màmá ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìn-ìnnì, ẹ̀kọ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ iléèwé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní gbogbo Sátidé. Àwọn ọmọ ń wá láti inú Inísà fúnra rẹ̀, àwọn kan ń ti Òkukù wá, òmíràn ń ti Èkó Èndé. Ojú Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, oògùn lásán la ó fi dá èyí tó kù dúró. Bùọ̀dá Kúnlé ní kí wọ́n ti ilé pa, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mi ò bá wọn wí, ìfẹ́ ló fà á, ẹ̀rù àgbàrá àti àtẹ̀gùn ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n Màmá ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì lè kọ́ ọmọ ẹnì kan ní Sátidé, òun ò ní lọ jókòó sí yàrá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí òun kò bá lè kọ́ wọn mọ́, kí Kúnlé wá fi mọ́tò gbé òun. Lẹ́sìn-ìnnì yẹn ló mú Màmá dúró nínú ilé ara wọn. Fóònù yẹn ló sì mú lẹ́sìn-ìnnì dúró.

Wọ́n wá ní kí n yọ àkámọ́ náà.

Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hẹ́lẹ́ẹ̀nì, ló pè wá jókòó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ní àwọn tó ń fi ojú ka áàpù náà ń ráhùn pé àkámọ́ ti pọ̀ jù, pé ó ń dà wọ́n lójú rú, pé kò rẹwà. Ó ní kí a fi sílẹ̀ níbi tó bá ti pọn dandan nìkan, pé ẹni tó bá mọ ìṣirò á mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Mo ní ta ló máa pinnu ibi tó pọn dandan? Mo sọ ti àwọn tó ń fetí gbọ́. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Níbí, bí wọ́n bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn báyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Nítorí pé èmi ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mo jókòó tí mo yọ wọ́n. Mo rò pé mo ṣì ní àyè láti pè yín. Mi ò mọ̀ pé fóònù yín á gba tuntun náà fúnra rẹ̀ kí Sátidé tó dé.

Bọ́lá ya fọ́tò ìbéèrè kó tó jáde, bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọ ní fọ́tókọ́pì tiwọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin fi fóònù sétí. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò le rárá, ìdá kan tó dọ́gba pẹ̀lú mẹ́ta. Lórí bébà, oókan ló wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, méjì àti x ló jọ ń gbé ìsàlẹ̀. Áàpù wa kọ ọ́ sórí ìlà kan láìsí àkámọ́: 1/2x = 3. Fóònù sì kà á bó ṣe bá a. Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé ìdajì x jẹ́ mẹ́ta. Ẹ ṣe é lórí, x jẹ́ mẹ́fà. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ ṣe, ẹ kò sì ṣì í.

Ràṣídá, ọmọbìnrin tó ń ti Òkukù wá, ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́fà lòun rí. Ẹ ní rárá o, mẹ́fà ni, kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó ní ibẹ̀ náà lòun tún bá a. Ẹ ní kí ó jókòó. Àwọn ọmọ náà ló jẹ́wọ́ lẹ́yìn pé àwọn mìíràn ti rí ìdá kan nínú mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn yín ni wọ́n fi rọ́bà pa á rẹ́, wọ́n kọ mẹ́fà. Ta ló fẹ́ sọ fún Màmá Tíṣà pé wọ́n ṣì í? Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí àgbà bá ti ní mẹ́fà ni, mẹ́fà ni. Ràṣídá nìkan ni kò pa tirẹ̀ rẹ́. Ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ẹ má bínú, pé òun kò rí mẹ́fà níbi tí òun ń wò yìí. Ẹ wá sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé ó ti ń rí yín fín, bóyá nítorí pé ojú yín kò ríran mọ́, kí ó kó ìwé rẹ̀ kí ó máa lọ sílé. Ìyá Ráfíù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ńṣe ni ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, tí ó ń sunkún lọ sí gáréèjì.

Nígbà tí Bọ́lá dé lálẹ́, ẹ ní kí ó bá yín wo ìbéèrè náà, pé ohùn ọmọ yẹn kò kúrò létí yín. Bọ́lá tí kò fẹ́ràn ìṣirò láti kékeré kàn sọ ohun tó rí: oókan wà lókè, ìlà wà, méjì àti x wà lábẹ́. Ẹ ní kí ó tún un wò bóyá abẹ́ ni x wà lóòótọ́. Ó ní abẹ́ ni. Bọ́lá ní ẹ kò fọwọ́ kan ẹ̀bà tí òun gbé síwájú yín.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ ní kí Bọ́lá mú yín lọ sí Òkukù. Màmá, ẹ̀yin tí Bùọ̀dá Kúnlé ní kí ẹ má dá lọ sí ojúde, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ bẹ ọmọ tí kò tíì tó ọmọ-ọmọ yín. Bàbá Ràṣídá gbé àga fún yín, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ni wọ́n ń gbọ́ yìí, pé bí ẹ bá tilẹ̀ na ọmọ náà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìyá rẹ̀ gbé omi tútù wá. Kò sí ẹni tó gbà pé ẹ ṣe ohunkóhun. Ẹ sọ fún mi pé ibẹ̀ ló dùn yín jù, pé ẹ wá tọrọ àforíjì, wọn kò jẹ́ kí ẹ rí ẹni tí ẹ ó tọrọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ràṣídá alára wà nínú yàrá, kò jáde.

Bí ẹ ṣe dé ni ẹ pe Bùọ̀dá Kúnlé pé kí wọ́n wá gbé yín ní ìparí oṣù. Ẹ ránṣẹ́ sí Bàbá Aládùúrà pé kí wọ́n wá kó àwọn bẹ́ǹṣì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí Bọ́lá pè mí tó rò ó fún mi. Mo jáde lọ dúró lórí àtẹ̀gùn, mo sunkún níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo bọ́jú, mo lọ bá Hẹ́lẹ́ẹ̀nì. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oókan lókè, méjì àti x nísàlẹ̀, Ràṣídá, Òkukù, gbogbo rẹ̀. Ó ní ó dun òun gan-an, mo sì gbà pé ó dùn ún. Ó tún ní kí n má ro ara mi pin, pé ó ṣeé tún ṣe. Ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀gá tirẹ̀.

Èsì tó bọ̀ nìyí. Wọ́n gbà kí àkámọ́ padà, ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wọ inú ètò áàpù lọ tan án nìkan. Bí ènìyàn kò bá tàn án, bí ó ṣe wà náà ni yóò máa wà. Mo ní ẹni tí kò ríran, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ohun kan wà láti tàn? Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó sú mi, Màmá. Mi ò lágbára ìjà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣe èyí tí wọ́n gbà kí n ṣe, mo sì sọ fún Bọ́lá ibi tó máa tẹ̀. Bọ́lá ti tàn án. Tiyín ti dára báyìí. Ti àwọn ẹlòmíràn tí mi ò mọ̀, tí wọ́n wà nínú ilé wọn tí fóònù ń kàwé fún, mi ò lè sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, ẹ bá mi wo fóònù àwọn òbí yín.

Mo wá pè yín, Màmá, mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Mo ń sọ ọ́ lọ pé ó ti dára, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, pé kí ẹ pe Bùọ̀dá Kúnlé padà. Ẹ fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ẹ wá ní látìgbà tí ẹ ti gba ṣọ́ọ̀kì kìíní lọ́wọ́, ẹ kò kọ “kò tọ̀nà” sí ìwé ọmọ kankan rí láìbi í bó ṣe ṣe é. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín a máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí:

“Àṣàkẹ́, ká ní ẹlòmíràn ló ṣe áàpù yẹn ni, ǹ bá ti bi ọmọ náà bó ṣe ṣe é. Torí pé ìwọ lo ṣe é ni mi ò fi bi í.”

Mo ní kí ẹ sùn dáadáa, mo gé fóònù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, òun ló fà á tí mo fi ń kọ ọ́.

Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ojú yín ló fẹ́ lé yín kúrò nílé. Ẹ fẹ́ lọ nítorí pé ẹ kò fọkàn tán ara yín mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá, kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ yín. Ẹ gbọ́ ohun tí kò pé, ẹ ṣe é pé. Ọmọ yẹn rí ohun tó pé, òun náà ṣe é pé. Ohun kan ṣoṣo tó sọnù láàárín yín ni ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wọ́n, èmi ni mo sì gbà á lẹ́nu yín láìmọ̀, nítorí pé ẹ nífẹ̀ẹ́ mi. Mi ò lè bá yín tún irú ìyẹn ṣe nínú kọ̀ǹpútà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èyí tó kù nínú ojú yín lọ. Kí ó fún yín ní ọjọ́ gígùn nínú àlàáfíà, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ó má jẹ́ kí a wá yín tì. Kí ó bá mi tọ́jú Bọ́lá tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́nà Ìkìrun lójoojúmọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn ará àdúgbò. Ẹ sọ fún Bùọ̀dá Kúnlé pé kí wọ́n má bínú sí mi, bí ẹ bá sì padà sọ pé ẹ ń lọ lóòótọ́, mi ò ní dá yín dúró.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bọ́lá kò tíì sọ ọ́ fún yín, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Ìyá Ràṣídá yà sí ṣọ́ọ̀bù Bọ́lá ní Ìkìrun lánàá. Kì í ṣe aṣọ ló mú wá. Ó ní ọmọ òun ń béèrè bóyá lẹ́sìn-ìnnì máa wà ní Sátidé, pé kò jẹ́ kí àwọn gbádùn. Bọ́lá kò mọ èsì tó máa fún un, ó ní òun á padà pè é.

Màmá, ẹ jẹ́ kó wá. Bó bá jókòó síwájú yín, tí nǹkan tí mo ṣe sọ ohun kan sí yín létí, tí òun sọ òmíràn, ẹ bi í bó ṣe ṣe é. Ẹ bi í kí ẹ tó gbà mí gbọ́. Ọmọ yín ni mí, ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Òun ló wà níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Rẹ̀mí Àṣàkẹ́